Ètò CounterACT ní Amẹ́ríkà: kí ni akẹ́kọ̀ọ́ ń rí gbà níbẹ̀, ta sì ni ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún?

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín kì í ṣe ọjà tí ènìyàn lè nawọ́ mú lórí àtẹ. Owó orí àwọn ará Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ń ṣe é, ará ìlú ni wọ́n sì ní àwọn ń ṣe é fún, nítorí náà ó tọ́ kí a wò ó gẹ́gẹ́ bí a ti ń wo iṣẹ́ yòówù tí a bá sanwó fún: ìlérí wo ni wọ́n ṣe, kí ni wọ́n ti mú jáde, ta ni wọ́n ń gbà wọlé, ta ló sì ń dúró síta? CounterACT ni orúkọ ètò náà. Àjọ NIH, tó ń bójú tó ìwádìí ìlera fún ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 2006, kí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní yunifásítì lè wá oògùn fún ẹni tí májèlé kẹ́míkà bá ṣe lọ́ṣẹ́, ìbáà jẹ́ apániláyà ló tú u síta, ìbáà jẹ́ ilé iṣẹ́ ló jóná, ìbáà sì jẹ́ ọkọ̀ ojú irin tó gbé e ló dojú dé. Inú yàrá ìwádìí tí owó yìí ń gbé ró ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí yóò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ àwọn àgbà, ìkọ́ni yìí gan-an ni mo sì fẹ́ fi ojú àyẹ̀wò wò. Àwọn òbí Yorùbá tí ọmọ wọn ń ka sáyẹ́ǹsì ní New Jersey, Maryland tàbí Texas ni mo ní lọ́kàn, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nílé tí wọ́n ń wá ọ̀nà àtilọ kàwé síwájú.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ètò náà dára gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ àìní tó bí i. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ológun ni wọ́n ń ṣe oògùn májèlé ogun fún: ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le, tó ti gbé ìbòjú wọ̀, tó ti gba ẹ̀kọ́, tó sì mọ̀ pé ewu ń bọ̀. Ní ogúnjọ́ oṣù Kẹta ọdún 1995, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ẹ̀sìn Aum Shinrikyo tú gáàsì sarin sínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní Tokyo, àwọn tó sì fara gbá a kì í ṣe ológun rárá. Òṣìṣẹ́ tó ń lọ síbi iṣẹ́ wà nínú wọn, àgbàlagbà wà níbẹ̀, aláboyún sì wà níbẹ̀. Ó lé ní ènìyàn mẹ́wàá tó kú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ya lọ sí ilé ìwòsàn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn débẹ̀ tàbí kí wọ́n wọ takisí, aṣọ ọrùn wọn sì gbé májèlé náà wọlé débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í ran àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú wọn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2005, ọkọ̀ ojú irin tó gbé gáàsì olóró chlorine forí sọ òmíràn ní Graniteville, ní ìpínlẹ̀ South Carolina, ènìyàn 9 sì bá a lọ. Kò sí apániláyà kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí CounterACT ṣèlérí ni oògùn tí yóò bá ara irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí mu, títí kan ọmọdé, arúgbó àti ẹni tí kì í lè mí dáadáa tẹ́lẹ̀, tí ẹni tí kì í ṣe dókítà sì lè lò fún wọn lójú títì kí ẹ̀mí tó bọ́.

Bí májèlé bíi sarin ṣe ń pani kò ṣòro láti ṣàlàyé. Nígbà tí ara bá fẹ́ kí iṣan kan ṣiṣẹ́, èròjà kan tó ń jẹ́ acetylcholine ni yóò jíṣẹ́ náà fún un. Bí iṣẹ́ bá sì ti parí, èròjà mìíràn, acetylcholinesterase, yóò gé acetylcholine náà sí wẹ́wẹ́ kí iṣan lè sinmi. Sarin a máa lẹ̀ mọ́ èyí tó ń gé e, kò sì ní jẹ́ kó ṣiṣẹ́ mọ́. Acetylcholine yóò wá pọ̀ jọ: omi ojú àti itọ́ yóò máa dà, ẹyinjú yóò kéré bí orí abẹ́rẹ́, ara yóò máa gbọ̀n, gìrì yóò dé, lẹ́yìn náà èémí yóò dáwọ́ dúró. Oògùn mẹ́ta ni wọ́n fi ń dojú kọ ọ́. Atropine ń dí ọ̀nà mọ́ acetylcholine tó ti pọ̀ jù. Pralidoxime ń já májèlé náà kúrò lára èròjà tó dè mọ́lẹ̀, bí ọwọ́ bá tètè kan án. Èkẹta sì ń pa gìrì. Ọ̀rọ̀ àkókò yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, nítorí májèlé kan wà tó ń jẹ́ soman, tó jẹ́ pé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò ti lẹ̀ pinpin débi tí pralidoxime kò ní lè já a mọ́.

Níbi tí ìkọ́ni náà ti wú mi lórí jù nìyí: akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì lè fi ojú ara rẹ̀ rí gbogbo ohun tí mo sọ yìí. Ìdánwò kan wà tí wọ́n ń pè ní ìdánwò Ellman, láti ọdún 1961 ni wọ́n sì ti ń lò ó. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò da acetylcholinesterase sínú àwọn ihò kéékèèké lára àwo pẹrẹsẹ kan, yóò fi ohun tí èròjà náà máa ń gé sí i, yóò sì fi èròjà Ellman, tó ń pa àwọ̀ dà, lé e. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, omi tó mọ́ gaara tẹ́lẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí pupa inú ẹyin, ìyẹn ni pé èròjà náà ń ṣiṣẹ́. Nínú ihò tí a bá ti fi májèlé sí, omi yóò wà bó ṣe wà. Nínú ihò tí a fi májèlé sí tí a sì fi oògùn tuntun tẹ̀ lé e, bí àwọ̀ ìyeyè náà bá ṣe padà tó ni oògùn náà ṣe lágbára tó, ẹ̀rọ sì wà tí yóò kà á ní iye. Ọmọ tó bá ti ṣe èyí lọ́wọ́ ara rẹ̀ kò tún ní nílò kí ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́ kó tó ka ìwé tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ìyá tàbí bàbá tó bá ń ka èyí yóò ti béèrè pé, ṣé sarin ni wọ́n fẹ́ fi sí ọmọ mi lọ́wọ́? Rárá o. Yunifásítì kì í fi ojúlówó májèlé ogun sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn èròjà tó jọ wọ́n nínú ìṣe ṣùgbọ́n tí ewu wọn kéré ni wọ́n ń lò: paraoxon, tó jẹ́ ẹbí oògùn apakòkòrò, ń dúró fún sarin, CEES sì ń dúró fún gáàsì mustard, èyí tó ń bó awọ ara, tó sì ń ba ojú àti ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Paraoxon náà kì í ṣe ohun ìṣeré, a gbọ́dọ̀ fi ìbọ̀wọ́ àti àpótí tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde lò ó, ẹ̀kọ́ ìdáàbòbò ara sì ni ó yẹ kí wọ́n fi ṣáájú gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù. Nígbà tí oògùn kan bá wá ń fi ìrètí hàn, ilé ìwádìí tó ní àṣẹ, irú bíi ti ológun tó wà ní Aberdeen Proving Ground ní Maryland, ni wọn yóò gbé e lọ kí wọ́n lè dán an wò lórí májèlé gan-an. Ètò tó ya ibi méjèèjì sọ́tọ̀ báyìí fi mí lọ́kàn balẹ̀.

Ní ti ohun tí wọ́n ti mú jáde, àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù ni ìwádìí RAMPART, èyí tí CounterACT wà lára àwọn tó náwó sí, tí àbájáde rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2012. Ìbéèrè rẹ̀ rọrùn: bí gìrì bá mú ènìyàn nílé tàbí lójú ọ̀nà, tí kò sì fi í sílẹ̀, ṣé kí àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn máa wá iṣan ẹ̀jẹ̀ tí wọn yóò fi abẹ́rẹ́ lorazepam, oògùn gìrì kan, sí, àbí kí wọ́n gún un ní midazolam, oògùn gìrì mìíràn, lójú ẹsẹ̀ sínú iṣan itan? Ènìyàn 893 ni wọ́n fi ṣe ìwádìí náà. Nínú àwọn tó gba abẹ́rẹ́ itan, gìrì ti lọ lára ìdá 73.4 nínú ọgọ́rùn-ún kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn. Nínú àwọn tó gba ti inú iṣan ẹ̀jẹ̀, ìdá 63.4 ni. Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti wá iṣan ẹ̀jẹ̀ lára ẹni tí gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n yóò mọ ìdí rẹ̀ láìjẹ́ pé a ṣàlàyé fún un. Ní ọdún 2022, FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí midazolam tó wà nínú abẹ́rẹ́ tó ń gún ara rẹ̀: a ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ itan, a ó dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó parí. Nítorí sarin ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ìwádìí náà, ṣùgbọ́n àwọn alárùn wárápá tí kò gbọ́ orúkọ sarin rí ni wọ́n ń jẹ àǹfààní rẹ̀ lójoojúmọ́. Èyí ni mo kà sí iṣẹ́ tó yè kooro.

Àwọn yunifásítì tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kò pọ̀ sí ojú kan. Rutgers ní New Jersey ti ń ṣe iṣẹ́ lórí gáàsì mustard láti ìgbà pípẹ́ nípa awọ ara, ojú àti ẹ̀dọ̀fóró. Yunifásítì California ní Davis dojú kọ gìrì tí májèlé ń fà. Ti Colorado ń wo ẹ̀dọ̀fóró tí májèlé tí ènìyàn fà símú bà jẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ lè gba ibẹ̀ wọlé ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Ètò ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wà fún àwọn tí wọn kò tíì gba oyè àkọ́kọ́; ti Rutgers, lábẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ oògùn wọn, jẹ́ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Owó ìrànwọ́ wà fún àwọn tó ń kàwé fún oyè ọ̀mọ̀wé, àpérò ọdọọdún sì wà níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lè dúró ti àwòrán iṣẹ́ rẹ̀ kí àwọn àgbà onímọ̀ máa bi í ní ìbéèrè. Fún ọmọ tí òbí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ òru láti san owó ilé ẹ̀kọ́, ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé irú ètò ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí ń san owó fún akẹ́kọ̀ọ́, nítorí ọmọ tí kò bá lè fi iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún oṣù méjì ààbọ̀ kò lè wá kọ́ sáyẹ́ǹsì lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní làákàyè ló ti sọnù síbẹ̀.

Ohun kan tún wà tí wọ́n ń kọ́ wọn tí kò sí nínú ẹ̀kọ́ kẹ́míkà lásán, òun ni bí oògùn ṣe ń gba àṣẹ nígbà tí kò ṣeé ṣe láti dán an wò lára ènìyàn. Kò sí ẹni tó lè fún ènìyàn ní soman kó lè mọ̀ bóyá oògùn yóò wò ó sàn. Nítorí náà, láti ọdún 2002, FDA ní òfin tó gbà kí ẹ̀rí láti ara ẹranko tó, bí wọ́n bá ti fi hàn pé oògùn náà kò ní ṣe ènìyàn ní jàǹbá. Pyridostigmine ni oògùn àkọ́kọ́ tó gba ọ̀nà yìí, ní ọdún 2003: ológun ń lò ó kí soman tó dé, kó lè di àyè mú lára acetylcholinesterase kí májèlé má baà rí gbogbo rẹ̀ dè mọ́lẹ̀.

Pyridostigmine yìí ló gbé mi dé ọ̀rọ̀ irú àwọn ènìyàn tí wọ́n ń kọ́, èyí tó jẹ́ ọkàn àyẹ̀wò mi. Physostigmine ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, inú ẹ̀wà kan tó ń hù ní agbègbè Calabar ni wọ́n sì ti rí i. Láyé àtijọ́, àwọn ará ibẹ̀ máa ń fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn àjẹ́ kàn jẹ láti fi dán an wò. Àwọn oníwàásù gbé e dé Edinburgh, àwọn onímọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ọdún 1850 sí 1870. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ pèsè physostigmine látòkèdélẹ̀ nínú yàrá ìwádìí, ní ọdún 1935, ni Percy Julian, ọmọ Alabama tí bàbá bàbá rẹ̀ jẹ́ ẹrú. Josef Pikl, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti Vienna, ló bá a ṣe é, ní yunifásítì DePauw ní Indiana, wọ́n sì ṣe é ṣáájú àwọn onímọ̀ Oxford tó ń lé ohun kan náà. Julian ti gba oyè ọ̀gá ní Harvard, ṣùgbọ́n Vienna ló ti lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1931, nítorí àyè kò gbà á nílé. Lẹ́yìn àṣeyọrí tí gbogbo ayé rí yìí, DePauw kọ̀ láti sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n, ó sì lọ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ àdáni ní Chicago. Ní ọdún 1950, àwọn ènìyàn gbìyànjú láti dáná sun ilé tó rà sí Oak Park. Irú ọpọlọ yìí ni orílẹ̀-èdè kan lé kúrò nínú yàrá ìkọ́ni! Iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ì bá ti kọ́ láàárín ogójì ọdún kò ṣeé kà.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà burú ju èyí lọ. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nǹkan bí 60,000 ọmọ ogun Amẹ́ríkà ni wọ́n lò fún ìdánwò májèlé kẹ́míkà. Ní ọdún 2015, ilé iṣẹ́ rédíò NPR fi hàn pé wọ́n ṣa àwọn ọmọ ogun dúdú, àwọn tó wá láti Puerto Rico àti àwọn ọmọ Japan tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà sọ́tọ̀ láti fi gáàsì mustard kàn wọ́n lára, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá awọ ara wọn yàtọ̀ sí ti àwọn aláwọ̀ funfun. Wọ́n ní kí wọ́n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, nígbà tí mo bá gbọ́ pé ọmọ dúdú kan dúró ní yàrá ìwádìí ní New Jersey lónìí, tó ń wá oògùn fún ọgbẹ́ mustard, n kò lè kà á sí oore tí ẹnì kan ṣe fún un. Gbèsè ni wọ́n ń san, díẹ̀díẹ̀. Ó sì ṣe pàtàkì pé kí irú rẹ̀ jókòó nígbà tí wọ́n bá ń pinnu ara ta ni wọn yóò fi ṣe òṣùwọ̀n, báwo ni pípọ́n awọ ara ṣe ń hàn lára ẹni tó dúdú, àti ìlú wo ni ilé iṣẹ́ chlorine wà nítòsí rẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé ìyẹn ti di ìtàn. Kò tíì di ìtàn. Ní ọdún 2011, ìwádìí kan tí Donna Ginther ti yunifásítì Kansas ṣáájú rẹ̀ fi hàn pé àǹfààní àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì dúdú láti gba owó ìwádìí NIH fi nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn aláwọ̀ funfun, lẹ́yìn tí wọ́n ti ro ìwé tí wọ́n kà àti iṣẹ́ tí wọ́n ti tẹ̀ jáde mọ́ ọn. Àjọ kan náà tó dá CounterACT sílẹ̀ ni. Àwọn ètò tó ń fi owó lé owó ìwádìí kí wọ́n lè gba ọ̀dọ́ láti ìdílé tí kò rọ́wọ́ họrí, àti àwọn tó ń so yunifásítì ńlá pọ̀ mọ́ ilé ẹ̀kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, ni NIH fi ń gbìyànjú láti tún un ṣe ṣáájú ọdún 2025.

Kí ló wá kàn wá nílé nínú gbogbo èyí? Ó kàn wá gan-an, nítorí májèlé tí wọ́n ń bẹ̀rù pé apániláyà yóò tú síta, àwa ní ẹbí rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Dichlorvos tó wà nínú Sniper ń de acetylcholinesterase mọ́lẹ̀ bí sarin ṣe ń dè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára rẹ̀ kò tó ti sarin. Àwọn kan ń fọ́n ọn sórí ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, NAFDAC sì ti kìlọ̀ títí. Ní ọdún 2019 ni wọ́n ní kí wọ́n má ta ìgò kékeré oní mìlílítà 100 mọ́, nítorí àwọn tó ń fi í gba ẹ̀mí ara wọn. Ní ọdún 2010, ní àwọn abúlé Zamfara tí wọ́n ti ń lọ òkúta wúrà nínú agbolé, òjé pa ọmọ tó lé ní 400. Oògùn tí àwọn dókítà MSF, ẹgbẹ́ dókítà aláàánú àgbáyé, fi ń fa òjé náà jáde lára àwọn tó yè, DMSA, jẹ́ ọmọ ìyá oògùn tí wọ́n ṣe ní Oxford nígbà Ogun Àgbáyé Kejì láti fi dojú kọ gáàsì olóró kan tó ń jẹ́ Lewisite. Ìyẹn ni pé ìwádìí tí wọ́n ṣe nítorí ogun Europe ló padà gba ọmọ Zamfara là.

Ọ̀nà náà tún ń lọ láti ọ̀dọ̀ wa sí ọ̀dọ̀ wọn. Pralidoxime, tó wà nínú àpò ológun láti ọjọ́ pípẹ́, ni wọ́n dán wò dáadáa lórí àwọn aláìsàn tó mu oògùn apakòkòrò ní Sri Lanka. Ẹni 235 ni wọ́n fi ṣe ìwádìí náà, èyí tó jáde ní ọdún 2009, àwọn tó gba oògùn náà kò sì sàn ju àwọn tí kò gbà á lọ. Kódà àwọn tó kú nínú wọn pọ̀ díẹ̀ sí i. Àríyànjiyàn ṣì wà lórí rẹ̀, nítorí oògùn apakòkòrò pọ̀ ní oríṣi, iye tí wọ́n mu sì pọ̀ ju èyí tí sarin yóò gbé wọ ara lọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ronú kan ìbéèrè náà, bí kò ṣe dókítà tó ti rí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì? Ẹni tó dàgbà sí Ìsẹ́yìn tàbí Ṣakí, tó ti rí i bí àgbẹ̀ ṣe ń po oògùn láìsí ìbọ̀wọ́, yóò gbé ìbéèrè wá sí yàrá ìwádìí tí ọmọ Boston kò ní gbé wá.

Àléébù ńlá tí mo rí nínú ètò náà bẹ̀rẹ̀ láti ibí yìí. Owó ìkọ́ni tí NIH ń fún akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ ti ọmọ onílùú àti ẹni tó ní green card. Ẹni tó fi ìwé ìrìnnà akẹ́kọ̀ọ́ wọlé kò lè gba irú èyí tí wọ́n ń pè ní T32, àwọn ètò ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn náà sì wà fún àwọn onílùú ní pàtàkì. Mo gbà pé owó orí ará ìlú ni. Síbẹ̀, Fogarty, ẹ̀ka kan nínú NIH kan náà, ti ń náwó láti kọ́ àwọn onímọ̀ ìlera ní Nàìjíríà fún ọdún púpọ̀, irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kí iṣẹ́ lórí májèlé náà ní, kí akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀ lè lọ, kó sì padà wálé pẹ̀lú ìmọ̀ náà.

Àléébù kejì kì í ṣe ti àwọn olùkọ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump fọwọ́ sí àṣẹ tó fòpin sí àwọn ètò tó ń ṣí àyè fún onírúurú ènìyàn nínú iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, láàárín oṣù díẹ̀ sì ni NIH ti ń pa ọ̀pọ̀ ètò ìkọ́ni tì, títí kan MARC, tó ti ń ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oyè àkọ́kọ́ lọ́wọ́ láti ọ̀rúndún tó kọjá. Ó dùn mí púpọ̀. Ọdún mẹ́wàá ni ó máa ń gbà kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan tó lè dá yàrá ìwádìí tirẹ̀ sílẹ̀, àṣẹ tí wọ́n kọ ní ọjọ́ kan sì lè dá gbogbo rẹ̀ dúró láàárín ọ̀nà. Kí òbí tó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kọ orúkọ sílẹ̀ pe ọ́fíìsì ètò náà ní tààrà, kó béèrè bóyá owó ọdún yìí ṣì wà, kó tó jẹ́ kí ọmọ náà kọ iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, fún ọmọ tó wà ní Amẹ́ríkà tó ní ìwé, tó fẹ́ràn kẹ́míkà tàbí ìmọ̀ oògùn, tí kò sì tíì mọ̀ bóyá iṣẹ́ dókítà nìkan ni òun lè ṣe, n kò ní ṣiyèméjì láti sọ pé kó lọ. Inú ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan ni yóò ti mọ̀ bóyá iṣẹ́ ìwádìí bá a mu, yóò kọ́ ìmọ̀ tí ilé iṣẹ́ oògùn ń wá, yóò sì wà láàárín àwọn tí iṣẹ́ wọn ń gba ẹ̀mí là. Kó tó gbà, kó béèrè ẹni tí yóò máa kọ́ ọ lójoojúmọ́, nítorí ọ̀jọ̀gbọ́n tí orúkọ rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn lè má ráyè. Kó sì béèrè bóyá orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti kọjá wà lára ìwé tí yàrá náà tẹ̀ jáde.

Fún ẹni tó wà nílé, tí kò ní green card, ọ̀nà tó ṣì wà ni ti oyè ọ̀mọ̀wé. Owó ìwádìí tí ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ gbà lọ́wọ́ NIH yàtọ̀ sí owó ìkọ́ni, ó sì lè fi san owó oṣù akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti òkèèrè gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè ṣòro fún un láti wọ ilé ìwádìí àwọn ológun. Kó kọ lẹ́tà sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń ṣiṣẹ́ lórí acetylcholinesterase. Bó bá ti ṣe ìdánwò Ellman rí pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ eku tí wọ́n fún ní dichlorvos, tàbí tó bá ti bá dókítà ṣiṣẹ́ lórí àwọn tó mu oògùn apakòkòrò, ìlà àkọ́kọ́ lẹ́tà náà ni kó ti sọ ọ́, kó tó dárúkọ yunifásítì tó ti jáde àti máàkì tó gbà.